Ohun tí Yunifásítì Kò Kọ́ Mi Nípa Ìyá Mi

Ní Dàda, ní Òkèlele nílùú Ìlọrin, níbi tí wọ́n bí mi sí, kò sí ọmọdé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dán ìkòkò wò. Bí iná bá ti kú tán, tí ìkòkò sì ti tutù, amọ̀kòkò á gbé e dání, á fi ìka gbá a lára, á sì tẹ́tí sí i. Èyí tó bá dára á dún gooro. Èyí tó bá ti sán á dún pọ̀kọ̀. Ìyá mi kì í tẹ́tí sí ìkòkò, nítorí pé adití ni láti kékeré. Èékánná àtàǹpàkò òsì ni ó máa ń fi kan ara ìkòkò náà, tí yóò sì fi ìka ọ̀tún gbá òdìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìkòkò bá dá ṣáká, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á rìn dé abẹ́ èékánná, á sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó lọ. Bí ó bá ti sán, ìgbọ̀nrìrì náà á kú sójú ọ̀nà. Mo ti rí àwọn àgbà obìnrin nínú ebu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, àwọn tí etí wọn là kedere, tí wọ́n gbé àmù tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí wá bá ìyá mi pé kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti rí i tó mi orí sí èyí tí wọ́n ti ń ná owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ èdè Yorùbá àti iṣẹ́ olùkọ́, kọ́ọ̀sì kan wà tí gbogbo àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, èyí tó dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò àmójútó àkànṣe. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá pàdé níbòmíràn. Inú mi dùn lọ́jọ́ tó kan ọ̀rọ̀ adití, mo sì lọ jókòó síwájú pátápátá. Olùkọ́ wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú pátákó fún wa: ohun tó ń fa kí etí di, oríṣi etí dídi, bí a ṣe ń wọn bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn tó, ìṣòro tí adití máa ń ní nínú ẹ̀kọ́, àti ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kí a ṣe fún un. Wákàtí méjì la fi ṣe é, a sì bọ́ sórí afọ́jú. Nígbà ìdánwò, wọ́n ní kí á ka ìṣòro márùn-ún tí adití máa ń ní, kí á sì ṣàlàyé wọn. Mo ka márààrún, mo sì gba máàkì tó pọ̀. Ìdáhùn yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ìyá mi kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí ibi tí yunifásítì máa ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá sí. Ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tó bàjẹ́ lára. Ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos, ó sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977. Gbogbo wọn ló wúlò, n kò sì ní gbàgbé láéláé pé láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ adití ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá sí ẹ̀ka èdè, ẹ̀ka lítíréṣọ̀, ẹ̀ka ìtàn tàbí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá adití tàbí afọ́jú nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ìmọ̀ lọ́wọ́. Yunifásítì mọ ohun tí àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣe aláìní. Kò tíì bèèrè ohun tí wọ́n ní.

Ohun tí wọ́n ní ni mò ń pè ní àṣà. Nínú kíláàsì Yorùbá, a máa ń sọ pé àṣà ni èdè tí àwùjọ kan ń sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ara wọn lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àti ohun tí wọ́n kà sí ìwà ọmọlúwàbí. N kò mọ èyí tí adití kò ní nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Ìyá mi kì í fi orúkọ àbísọ pe ẹnikẹ́ni nínú ebu. Olórí àwọn amọ̀kòkò ni ó máa ń fi ìka méjì rọra tẹ̀ ní iwájú orí, nítorí bí obìnrin náà ṣe máa ń wé gèlè rẹ̀ wá síwájú; ọkùnrin tó ń ta igi fún wọn ni ó máa ń fi èjìká kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ pè. Èmi ni ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ẹnu ìkòkò fún, tí yóò wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bí ẹni tó sùn, torí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, inú àmù ńlá kan tí kò tíì wọ iná ni wọ́n ti máa ń bá mi lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ilé Yorùbá ṣe máa ń ṣe, tí kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, tí ó fi ń wo ìrísí wọn kó tó pe ọ̀kan ní Ìbàdíàrán, kó pe èkejì ní Adúmáadán. A ń kọ́ èyí ní yunifásítì, a sì ń ṣe ìdánwò lé e lórí. Ìkan náà ni ohun tí ìyá mi ń ṣe, àyàfi pé ọwọ́ ni ó fi ń ṣe é.

Ìwà ọmọlúwàbí náà ń bẹ níbẹ̀. Bí àwọn adití méjì bá ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà tó há, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ gba àárín wọn kọjá, ṣe ni kó tètè kọjá. Bí ó bá dúró tó ń tẹríba pé kí wọ́n má bínú, ìgbà náà gan-an ló dí wọn lọ́wọ́. A kì í di ọwọ́ adití mú nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ lẹ bò yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìdí iná ni wọ́n máa ń kóra jọ sí, àtilọ sílé wọn a sì máa pẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ kò ṣeé sọ mọ́ bí wọ́n bá ti wọ òkùnkùn. Nínú oṣù ààwẹ̀, ìyá mi máa ń so òwú gígùn kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kí á tó sùn, á so ìdí kejì rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ tirẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ìlù àwọn ajíwéré lójú pópó, mà á fa òwú náà lẹ́ẹ̀mejì, òun náà á sì fà á padà lẹ́ẹ̀kan kí n lè mọ̀ pé ó ti jí. Sààrì tí mo jẹ ní gbogbo ìgbà èwe mi, òwú yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan ti rí ohun tí mo rí yìí ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Ní 1960, William Stokoe, tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe jẹ́ èdè tó ní ìlànà tirẹ̀. Ó ní àmì kọ̀ọ̀kan ṣeé tú palẹ̀ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀: bí ọwọ́ ṣe rí, ibi tí ọwọ́ wà, àti bí ọwọ́ ṣe ń rìn. Ní 1965, òun àti Dorothy Casterline àti Carl Croneberg ṣe ìwé atúmọ̀ fún èdè náà. Adití ni Casterline àti Croneberg, Croneberg ló sì kọ apá tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn adití gẹ́gẹ́ bí àwùjọ tó ní ìgbésí ayé tirẹ̀. Nínú oṣù kẹta 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gallaudet ti ilẹ̀kùn ọgbà wọn pa, nítorí pé wọ́n tún yan ẹni tó ń gbọ́ràn ṣe olórí lé wọn lórí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí, I. King Jordan ti di adití àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà láti 1864 tó ti wà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Andrew Foster. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, adití sì ni. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ní 1954. Ó dé Gánà ní 1957, ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú dé Ìbàdàn. Kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní Rùwáńdà ní 1987, àwọn ilé-ìwé tó ti lọ́wọ́ nínú ìdásílẹ̀ wọn nílẹ̀ Áfíríkà ti lé ní 30. A kọ́ ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ní odidi sáà kan. Gbogbo àwọn àjíhìnrere tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ni mo mọ orúkọ wọn, àwọn tó wá sí Abẹ́òkúta, àwọn tó lọ sí Calabar, mo sì mọ ọdún tí oníkálùkù wọn dé. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Foster fún wa.

Èdè tí Foster mú wá, láti Amẹ́ríkà ni, òun sì ni ìdí èdè tí àwọn ọmọ ilé-ìwé adití ní Ìlọrin ń fi ọwọ́ sọ títí di òní. Ìyá mi kò lọ sí ilé-ìwé, kò sì gbọ́ èdè náà. Èdè ebu ni tirẹ̀, èyí tí òun àti ìyá tirẹ̀ dá sílẹ̀ láàárín ara wọn, tí àwọn amọ̀kòkò yòókù wá kọ́, tí wọ́n sì fi kún un títí ó fi di ohun tí wọ́n ń fi pa àlọ́. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe yàtọ̀. Bí ọmọ ilé-ìwé bá fẹ́ sọ pé omi, á na ìka mẹ́ta sókè, á fi kan àgbọ̀n, nítorí pé lẹ́tà W ló fi ìka rẹ̀ kọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ omi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìyá mi bá fẹ́ sọ omi, á bu ú láti inú àmù tí ẹ kò rí, á gbé e dé ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ á sì jin kòtò bí ẹni pé igbá ni. Mo fẹ́ràn èdè ilé-ìwé, nítorí pé òun ló so àwọn adití ilẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ ara wọn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé níbi díẹ̀ tí yunifásítì ti fi àyè gba èdè adití, èyí tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá nìkan ló mọ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ nípa èdè adití àwọn Hausa, wọ́n sì ti kọ nípa ti abúlé Adamorobe ní Gánà, níbi tí àwọn adití ti pọ̀ láti ìrandíran. Àwọn àgbà adití wa náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sì ń gba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ bí a ṣe ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó.

Bóyá nítorí pé èdè Yorùbá ni iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ ti ẹ̀ka wa ṣe ń ká mi lára ju ti ẹ̀ka yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá kún inú lítíréṣọ̀ wa. Olùkọ́ sọ ìtàn Ọbàtálá fún wa, bí ó ṣe mu ẹmu nígbà tó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣìnà, tí abuké, arọ àti àfín fi wáyé. Ìdajì ìtàn yìí, èyí tó sọ nípa àṣìṣe, ni a lo gbogbo àkókò lé lórí. Ìdajì kejì, pé ẹni òrìṣà ni à ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ní ipò tiwọn lójúbọ, pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ti fi ẹni tó mọ wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò gbà ju gbólóhùn méjì lọ. Mùsùlùmí ni mí, n kò gba ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ amọ̀kòkò. Nínú ebu, ìkòkò tó bá ti gba omi tí kò jò, kò sí ẹni tó ń pè é ní àṣìṣe nítorí pé ikùn rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Òwe náà ń bẹ níbẹ̀: “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní, ‘Òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀.’” Wọ́n kọ́ wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí á máa wá ìdí ọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó bèèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú òwe yìí. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣì í sọ. Amúkùn-ún ló dá wọn lóhùn, òun ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ọmọ Yorùbá sì ń tún pa títí di òní. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe yìí báyìí, mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ìsàlẹ̀ tí amúkùn-ún ń wí. Ọ̀pọ̀ á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan dáhùn pé ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní kó máa rìn lórí, nítorí pé ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé wa kún fún gegele. Mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí n tó lè tẹ̀ síwájú. Ní 1976 ni ẹgbẹ́ àwọn aláìlera kan ní Bìrìtìkó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a ṣe to àwùjọ ló ń sọ wọ́n di aláìlágbára, a sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tó ti òkè òkun wá. Ọmọ yẹn rí i nínú òwe.

Àṣà kan ṣoṣo kọ́ ni gbogbo wọn ní o. Ti afọ́jú kì í ṣe ti adití. Mo gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó fọ́jú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí gbogbo wa pa ìwé dé, ìgbà náà ni à ń gbọ́ ìka rẹ̀ tó ń rìn lórí ìwé Braille, a sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó kà á sókè fún wa. Nínú kọ́ọ̀sì wa, ohun èlò ìrànwọ́ ni wọ́n pe Braille. Wọn kò sọ fún wa pé ọmọ ọdún 15 kan tó fọ́jú, Louis Braille, ló ṣe é ní Faransé ní 1824, pé àmì mẹ́fà péré tó yọ sókè lójú ìwé ló fi gbé gbogbo lẹ́tà kalẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn ọkùnrin méjì tó fọ́jú ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún ọ̀rẹ́ mi, ní 2006. Àwọn kan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí á bá wọn sọ ọ̀rọ̀ àṣà rárá. Ọmọ àbúrò bàbá mi tí ọkadà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ sọ fún mi pé iṣẹ́ àti àtẹ̀gùn tó ṣeé gùn ni òun ń wá, òun kò sí lára ẹ̀yà kankan. Mo gbà fún un. Ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fi àṣà di ẹrù lé ẹni tí kò pè é ní tirẹ̀.

Òfin tilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n gbà wọlé ní 2006, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ìmúṣẹ rẹ̀ ní 2010, sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní abala 24. Ní abala 30, ó ní kí á dá àṣà àti èdè àwọn àkàndá ẹ̀dá mọ̀, kí á sì tì í lẹ́yìn, títí kan èdè adití àti àṣà àwọn adití. Òfin ti ilẹ̀ wa, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù kìíní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ojú ọ̀nà tó ṣeé wọ̀, àkókò yẹn sì ti pé. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ní Yunifásítì Ìlọrin, ibùdó kan wà tó ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití, mo sì ń yìn wọ́n fún un tọkàntọkàn, nítorí pé láìsí ògbufọ̀, adití kan kò lè jókòó nínú kíláàsì rárá. Síbẹ̀, ògbufọ̀ ń gbé ìmọ̀ tiwa lọ bá adití ni. Èmi ń wá ọ̀nà tí tirẹ̀ yóò fi padà wá bá wa.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin adití kan tó ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wá sí ebu wa. Ó fẹ́ fi èdè ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti ní kó yí àkọlé rẹ̀ padà sí ìṣòro tí àwọn adití oníṣẹ́ ọwọ́ ń dojú kọ, ó sì wá bèèrè lọ́wọ́ mi ohun tí òun lè ṣe. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo ń túmọ̀ láàárín òun àti ìyá mi. Ní ọjọ́ kẹta, wọn kò nílò mi mọ́. Ó fi fóònù ká àmì 47 sílẹ̀, láti orí pípo amọ̀ títí dé orí omi èèpo igi irú tí wọ́n ń wọ́n sára ìkòkò nígbà tó bá ṣì gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìyá mi mú àtàǹpàkò ọmọ náà, ó fi èékánná rẹ̀ kan ara ìṣaasùn kan, ó sì gbá òdìkejì. Ọmọ náà di ojú, ó ní kó tún un gbá. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí ìkòkò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ọmọ náà sì mi orí. Ìyá mi wò ó, ó gbá ìkòkò náà fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti sán.